Ajagun ẹlẹ́ṣin tí ó dá Síkáótù sílẹ̀: ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi wọ káákì náà?

Ìbéèrè láti ọwọ́ ìyá kan ní Ìgbógbó, Ìkòròdú

Ẹ̀yin àgbà, ọmọkùnrin mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11 mú ìwé wálé láti ilé ìwé pé wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ Síkáótù sílẹ̀, kí n fi owó káákì àti sikáàfù ránṣẹ́. Mo ti fẹ́ san owó náà kí àbúrò bàbá rẹ̀ tó sọ fún mi pé òyìnbó ológun tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Baden-Powell, wà lára àwọn tí wọ́n lọ mú ọba Àṣáńtì ní ìgbèkùn, àti pé ó pa olóyè kan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Sìmbábúwè lónìí. Ó ní bí ọmọ wa bá wọ aṣọ náà, ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ń kí ajónilé kú iṣẹ́. Irú ènìyàn wo ni ọkùnrin yìí, kí sì ni kí n ṣe?

* * *

Òótọ́ ni àbúrò bàbá ọmọ náà sọ, n kò sì ní bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo ti ń lọ, n ó máa dá àwọn òǹkàwé mìíràn tí wọ́n dá sí ìbéèrè yìí lóhùn pẹ̀lú. Mo wọ káákì yìí ní Ìkòròdú láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìsokùn àti ìtẹ̀lé ipasẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ohun tí mo dúró lé lórí ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìdajì ìtàn ọkùnrin náà lé ọmọ lọ́wọ́, ìbáà ṣe ìdajì tí ó dùn tàbí ìdajì tí ó korò.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Robert Baden-Powell sí ní 1857. Ní 1876, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń pè ní 13th Hussars, ó sì lọ bá wọn ní Íńdíà. Ó yẹ kí a mọ ohun tí irú àwọn ẹlẹ́ṣin bẹ́ẹ̀ ń ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Síkáótù ti ṣẹ̀. Ẹṣin eléré ni wọ́n ń gùn, iṣẹ́ tí wọ́n sì sábà máa ń rán wọn ni pé kí wọ́n ṣáájú ogun lọ, kí wọ́n wo ibi tí ọ̀tá wà, kí wọ́n ka àgọ́ rẹ̀, kí wọ́n wo odò bóyá ó ṣeé là kọjá, kí wọ́n sì padà wá jíṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí wọn. Amí ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn àwọn méjì tí Jóṣúà rán lọ sí Jẹ́ríkò ti mọ iṣẹ́ náà, ìtumọ̀ orúkọ Síkáótù gan-an sì nìyẹn. Baden-Powell fúnra rẹ̀ sọ pé òun a máa ṣe bí ẹni tí ń wá labalábá kiri orí òkè, tí òun yóò sì ya àwòrán odi ọ̀tá sínú ìyẹ́ labalábá inú ìwé òun, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá dá òun dúró kò ní rí ju àwòrán kòkòrò lọ. Ó gòkè nínú iṣẹ́ náà títí ó fi di alábòójútó àgbà fún gbogbo ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1903 sí 1907.

* * *

Ẹni tí ó kọ̀wé láti Ẹ̀pẹ́ béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣin kan àwa ará etí ọ̀sà, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ wa. Ìbéèrè náà dára. Ọ̀yọ́ Ilé ni ó fi ẹṣin di alágbára ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ọ̀dàn ni ilẹ̀ rẹ̀. Bí ẹṣin bá sọ̀ kalẹ̀ wọ igbó níhà tiwa, eṣinṣin tsetse a fi àrùn pa á. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin fi di ohun iyì lọ́dọ̀ wa ju ohun ìjà lọ, bí a ti ń rí i ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gẹṣin wá júbà Awùjalẹ̀. Mo kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ síbẹ̀ lọ́dún kan. Ọmọ kékeré kan na ọwọ́, ó fi kan imú ẹṣin, ó sì yára fà á padà. Ó ní òun kò mọ̀ pé imú ẹṣin máa ń gbóná, pé ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Igbó ni ilẹ̀ Àṣáńtì náà. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ogun lọ sí Kùmásì, olú ìlú Àṣáńtì ní Gánà òní, ní ìparí 1895, ẹsẹ̀ ni ọ̀gá ẹlẹ́ṣin yìí fi rìn, òun sì ni ó ń darí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti lànà, láti tẹ́ afárá, láti ṣe amí níwájú ogun. Ìjà kò ṣẹlẹ̀, nítorí Àṣáńtì kò jáde wá jà. Ní oṣù kìíní 1896, wọ́n mú Prempeh, ọba Àṣáńtì, àti ìyá rẹ̀ wólẹ̀ di ẹsẹ̀ gómìnà mú ní gbangba, níṣojú àwọn ènìyàn tí kò rí ọba wọn rí ní ìdọ̀bálẹ̀. Wọ́n béèrè wúrà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 50,000 ounce. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè san án, wọ́n kó ọba, ìyá rẹ̀ àti àwọn olóyè lọ. Ilé olódi Elmina ní etí òkun ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí, lẹ́yìn náà wọ́n kó wọn lọ sí Sàró, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí erékùṣù Seychelles ní 1900. Prempeh kò fojú kan ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ títí di 1924.

Ìyẹn ni àbúrò bàbá ọmọ náà ń sọ, kò sì sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní rántí ogun Ìmàgbọ́n ní 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n àwa ará Ìkòròdú ní ìtàn mìíràn pẹ̀lú. Ní 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá sàga ti ìlú yìí, àwọn ọmọ ogun tí Glover, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, rán wá ni wọ́n tú wọn ká. Ọwọ́ kan náà ni ó gba àwọn baba wa sílẹ̀, òun náà ni ó sì wá yìnbọn fún àwọn ìbátan wọn ní ọdún 27 lẹ́yìn náà. Ìtàn méjèèjì ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ, n kò sì tí ì rí èyí tí ó sọ fún mi pé òye rẹ̀ kò yé òun.

* * *

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ni ó fa àríyànjiyàn jù. Bàbá kan ní Sábó sọ pé òun yọ ọmọ òun kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́, àti pé ìkíni àwọn Ògbóni ni ìyẹn. Ẹlòmíràn sọ pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ lásán ni, nítorí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, áńbọ̀sì kí a fi kí ènìyàn.

Ìtàn tí a ń sọ nínú ẹgbẹ́ ni pé Kùmásì ni Baden-Powell ti rí i. Olóyè Àṣáńtì kan ni ó na ọwọ́ òsì sí i, tí ó sì ṣàlàyé pé ọwọ́ òsì ni jagunjagun fi ń gbé asà. Ẹni tí ó bá gbé asà rẹ̀ sílẹ̀ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ti fọkàn tán ọ pátápátá. Kò sí bí ìtàn náà ṣe lè ti ẹgbẹ́ awo wá. Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú àwọn olórí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń sọ pé àṣà Síkáótù ni kí a tẹ̀ lé níbi gbogbo. Ní ọdún kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan na ọwọ́ òsì sí ìyá àgbà kan tí ó bù omi fún wa ní ọ̀nà Ìjẹ̀dé. Ìyá náà gbé igbá omi rẹ̀ padà láìsọ̀rọ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Èmi ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òfin wa ni pé ọwọ́ òsì wà fún ọmọ ẹgbẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ nìkan; bí àgbà bá dé, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, bí wọ́n ti kọ́ wọn nílé.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "ìgbà yẹn ni ó rí bẹ́ẹ̀, gbogbo òyìnbó ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀", mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sọ ọ́ nípa ọ̀rọ̀ Uwini.

Ní 1896 kan náà, àwọn Matabele, ọmọ onílẹ̀ ní Sìmbábúwè òní, dìde sí àwọn òyìnbó tí wọ́n gba ilẹ̀ àti màlúù wọn, wọ́n sì rán Baden-Powell lọ síbẹ̀. Ọwọ́ tẹ olóyè kan tí ń jẹ́ Uwini, ó ti gbọgbẹ́. Baden-Powell kò fi í ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ìlú. Ilé ẹjọ́ ológun ni ó gbé kalẹ̀ lójú ogun, wọ́n dájọ́ ikú fún olóyè náà, wọ́n sì yìnbọn pa á níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà bínú sí i, wọ́n sì pe Baden-Powell síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí àwọn ológun, ìgbìmọ̀ náà sì dá a láre. Nítorí náà, àwọn ìgbà yẹn pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀ káàtó. Àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dá a láre. Èmi kò dá a láre.

Ibi kan náà ni ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí ó wá kọ́ àwọn ọmọ wa. Ní àwọn òkè Matobo, ará Amẹ́ríkà kan, Frederick Burnham, fi bí ènìyàn ṣe ń gbé inú igbó láìkú hàn án. Ọmọ Áfíríkà kan, Jan Grootboom, bá a ṣe amí, Baden-Powell sì yìn ín gan-an nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ìgboyà àti ojú tí ó fi ń ka ipasẹ̀. Fìlà onígẹ̀ẹ́rẹ́ fífẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ Síkáótù, ogun náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé e. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ yín pé ọgbọ́n òyìnbó ni títẹ̀lé ipasẹ̀, kí ọmọ náà béèrè ta ni Grootboom.

* * *

Ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni Mafeking ní Gúúsù Áfíríkà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ìsàgatì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí Ìkòròdú.

Àwọn Boer, àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun ìran Dọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun, dó ti ìlú náà fún ọjọ́ 217, láti oṣù kẹwàá 1899 títí di ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 1900. Baden-Powell ni olórí àwọn tí wọ́n wà nínú ìlú, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ó sì fi dáàbò bò ó. Ó ri àpótí lásán mọ́lẹ̀ yí ìlú ká, ó sì mú kí ọ̀tá gbà pé àdó olóró ni. Kò ní wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí ó tó, nítorí náà ó pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun máa gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tí ń ré wáyà kọjá nígbàkígbà tí wọ́n bá ń rìn níbi tí ọ̀tá ti lè rí wọn. Ní ọ̀nà jíjìn, ta ni yóò rí wáyà? Ẹsẹ̀ tí ń gòkè ni ọ̀tá rí. Àwọn ọmọ wa a máa ṣe eré yìí lórí pápá, wọ́n a sì máa rẹ́rìn-ín títí wọn yóò fi ṣubú.

Àwọn ọmọdékùnrin òyìnbó inú ìlú ń jíṣẹ́ láàárín àwọn ológun, wọ́n kọ́kọ́ ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì gùn níkẹyìn. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé bí a bá gbé iṣẹ́ gidi lé ọmọdé lọ́wọ́, yóò ṣe é. Kì í ṣe òun ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ náà sílẹ̀, Lord Edward Cecil, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ni.

Ìdajì kejì rèé. Àwọn Barolong, ọmọ onílẹ̀, wà nínú ìsàgatì náà, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n sì bá wọn jà. Nígbà tí oúnjẹ ń tán, wọ́n pa ẹṣin, wọ́n fi se ọbẹ̀, wọ́n sì ń ta ọbẹ̀ náà fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí ebi ń pa. Àwọn àtìpó dúdú tí wọn kì í ṣe Barolong ni ìyà jẹ jù, nítorí wọ́n fẹ́ kí ebi lé wọn jáde kúrò nínú ìlú. Sol Plaatje, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣe ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ níbẹ̀, ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọdún 1973 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó jáde ní títẹ̀. Fún ohun tí ó lé ní 70 ọdún, ohùn ọ̀gá ológun nìkan ni ayé ń gbọ́. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ebi pa àwọn aláwọ̀ dúdú. Lójú mi, ẹni tí ó bá di àṣẹ pípín oúnjẹ mú kò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́ nígbà tí ẹnu kan ń jẹ tí èkejì ń ra egungun.

* * *

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, mo lè sọ ọ́ kíákíá. Ní oṣù kẹjọ 1907, ó kó nǹkan bí 20 ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ olówó àti ọmọ òṣìṣẹ́ nínú àgọ́ kan náà, ìwo ẹranko kudu tí ó kó bọ̀ láti ogun Matabele ni ó sì ń fun láti jí wọn láàárọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1908, ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní 1910, ẹgbẹ́ náà sì dé Nàìjíríà ní 1915. Ẹni tí ó béèrè bóyá òun kan náà ni Boys' Brigade inú ṣọ́ọ̀ṣì, rárá. William Smith ni ó dá ìyẹn sílẹ̀ ní Glasgow ní 1883. Àwọn ọmọbìnrin ní ẹgbẹ́ tiwọn láti 1910, nítorí pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n wọ aṣọ wá síbi àpéjọ ọdún 1909 láìpè.

Ẹ̀jẹ́ tí ọmọ yóò jẹ́, kò sí orúkọ Baden-Powell nínú rẹ̀. Ọlọ́run, ìlú ẹni àti ríran ọmọnìkejì lọ́wọ́ ni ó wà níbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kírísítẹ́nì sì jọ ń jẹ́ ẹ ní Ìkòròdú níhìn-ín.

* * *

Bàbá kan láti Àgbádárìgì sọ pé kò sí èrè kankan nínú rẹ̀, pé dídúró lójú ọ̀nà níbi ìnáwó olówó ni wọ́n ń lo àwọn ọmọ náà fún. Mo ti rí èyí, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 12, a pàgọ́ sí etí ọ̀sà níwájú Ìpàkodò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ inú igbó àbàtà lọ wá igi ìdáná, ilẹ̀ sì ṣú bá wa. Omi ń kún bọ̀, a ń gbọ́ ọ lábẹ́ àwọn gbòǹgbò, a kò sì mọ ibi tí a ti wá mọ́. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ohun tí ó yọ wá ni pé olórí wa ti kọ́ wa láti máa ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré ní gígùn ìgbọ̀nwọ́ sílẹ̀, kí orí rẹ̀ kọjú sí ibi tí a ń lọ. A kò lè rí i mọ́ nínú òkùnkùn, ọwọ́ ni a fi ń wá a. Ẹ̀ka kan, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ẹ̀ka mìíràn. A bọ́ sí eruku ojú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé itan. Ọgbọ́n ajagun ẹlẹ́ṣin ni, ọgbọ́n Grootboom ni, ọgbọ́n àwọn ọdẹ tiwa náà sì ni. Mo wà láàyè láti kọ ọ́.

* * *

Ìyá Ìgbógbó, nípa owó. Ilé ìwé kan wà tí ó gba owó aṣọ lọ́wọ́ àwọn òbí ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí a kò sì rí aṣọ títí ọdún fi parí. Ọmọ mi wà lára wọn. Nítorí náà, ẹ ra káákì fúnra yín lọ́jà, kí télọ̀ àdúgbò rán an, sikáàfù nìkan ni kí ẹ san owó rẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Kí ẹ tó san án, ẹ béèrè lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ náà ẹni tí yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ bí wọ́n bá sun ìta mọ́jú, àti bóyá ó mọ ẹni tí Prempeh jẹ́. Bí kò bá mọ ìdáhùn èkíní, ẹ mú ọmọ yín padà sílé. Bí kò bá mọ èkejì, kí àbúrò bàbá rẹ̀ lọ sọ ìtàn náà fún gbogbo wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni a nílò lórí pápá.

Ọmọ yín yóò tún kọ́ àmì kan: òbìrí lórí ilẹ̀ tí tóótó kan wà láàárín rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí "mo ti lọ sílé". Àmì náà ni wọ́n gbẹ́ sí ara òkúta ibojì Baden-Powell ní Nyeri ní Kẹ́ńyà, níbi tí ó kú sí ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 1941. Ní ọ̀dọ̀ wa, igi ni àwọn ọmọ fi ń yà á sórí iyanrìn lẹ́yìn tí a bá ti pa iná tán, kí ẹni tí ó bá wá wọn mọ̀ pé wọn kò sí nínú igbó mọ́. Bí káákì kò bá tí ì ṣe tán ní Sátidé àkọ́kọ́, kí ó wọ ṣòkòtò ilé ìwé rẹ̀, kí ó sì mú okùn tí ó gùn tó apá méjì dání.